Tẹni n Tẹni

Ìlaró, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Inú ń bí mi. Ẹ̀gbọ́n Múfú wá láti Àgọ́sásà ìlú wa lónìí, wọ́n ní ọmọ ìlú wa tó ń du ipò ni ká dìbò fún. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ní òun máa ṣe fún tálákà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tẹni n tẹni, àbúrò."

Ọmọ ìlú wa yìí kan náà ló bọ́ sórí rédíò tó ń yin ìjọba pé wọ́n ti ẹnubodè. Látìgbà náà, ìjọba ò jẹ́ kí bẹntiróòlù dé àwọn ìlú ẹ̀bá ẹnubodè bí Àgọ́sásà mọ́. Ẹ̀rọ tí Màmá fi ń lọ ẹ̀gẹ́ dákẹ́, ẹ̀gẹ́ ń jẹrà lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n mọ́tò ọmọ ìlú wa náà ń rí epo o.

Kí ni mo tiẹ̀ ń wá? Ilé ìwòsàn tí aláìní lè wọ̀ láìmọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìjọba tó ń ro ti mẹ̀kúnnù kó tó pàṣẹ. Ẹni tó bá lè ṣe é, ìbáà jẹ́ ará Ìmàṣàyí, ìbáà jẹ́ Ègùn, òun ni tèmi.

Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n parí òwe wọn. Wọ́n ń fẹsẹ̀ wá bàtà wọn.

Èmi ni mo parí rẹ̀: àkísà ni ti ààtàn. Àwa làkísà náà, ọmọ ìlú wa sì ti mọ ibi tó máa jù wá sí.