Irọ́ Ni Wọ́n Pa Nípa Ikú Ìyá Àgbà

Màmá mi, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ bá mi kí gbogbo ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Irọ́ ni pé mo kánjú sin Ìyá àgbà kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé ìyà ló pa wọ́n. Ìdájí ni wọ́n kú, a sì sin wọ́n kí a tó kírun Alásárì, bí Mùsùlùmí ti ń ṣe. Màmúdù àbúrò yín, tó ń pa irọ́ náà kiri, ni kò tètè ti ìlú Tàmálè dé síbi ìsìnkú. Ẹni tó fi kóòsé dídín, àkàrà ibí, tọ́ èmi àti ẹ̀yin, tí kì í jẹun àfi tí gbogbo ilé bá yó, ṣé èmi ni màá fìyà jẹ wọ́n?

Màmúdù ti pààrọ̀ àgádágodo yàrá Ìyá àgbà. Ó ní, “Olóríkunkun, níbi àdúrà fídáù ogójì ọjọ́ ni wàá ti jẹ́wọ́ lójú àwọn àlùfáà.” Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹ dákun, ẹ wá kó tó pé. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ yín lọ́nà.

Ará ilé ò kí mi mọ́. Sàbírátù tó wẹ òkú wọn dúró tì mí, Alfred aládùúgbò wa tó bá mi gbẹ́ sàréè náà dúró. Àwọn méjì yẹn nìkan ló kù fún mi.

Sàlísù ọmọ yín