Kókósẹ̀ Tí Bàbá Rẹ Rí Nínú Òkúta

Rawalpindi,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejì, ọdún 2009.

Wagma, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ, àti pẹ̀lú ìyá rẹ, àti pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ Jamdad. Mo gbàdúrà pé kí òtútù ọdún yìí má ṣe yín ní ibi, kí ara ìyá rẹ sì ti le ju bí o ṣe sọ nínú lẹ́tà rẹ lọ. Ní tèmi, orúnkún ń yọ mí lẹ́nu, ojú mi kò sì ríran tó ti àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Orí ìdúró ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo wá ìjókòó kí n tó kà á tán. Pé Lala Sarbiland, bàbá rẹ, ti kú láti oṣù Kọkànlá, tí èmi kò gbọ́! O ní ekuru òkúta tó ti ń fà símú láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Kí Ọlọ́run forí jì í, kí ó fi alùjánnà kẹ́ ẹ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni o bi mí, tí o pè mí ní Káká bí ọmọ ti ń pe arákùnrin bàbá rẹ̀: “Káká, ṣé òpùrọ́ ni bàbá mi?” O ní nígbà tí mímí ti ń nira fún un, ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé, “Ẹ bi Dókítà Sáhìb,” bí ó ti máa ń pè mí. N óò dá ọ lóhùn, n kò sì ní fi ohunkóhun pamọ́. Ṣùgbọ́n kí ìdáhùn náà tó lè yé ọ, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí a wá dé àwọn òkè yín fún ọ, nítorí ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà náà.

Ohun tí àwa tó ń kọ́ nípa ẹ̀dá ń pè ní ìyípadà ìran kò ju èyí lọ: ọmọ kì í jọ òbí rẹ̀ tán. Nínú agbo ewúrẹ́ kan, òmíràn ga, òmíràn kúrú, òmíràn lè fara da òùngbẹ. Èyí tí ìrísí rẹ̀ bá ibi tó ń gbé mu ni ó máa ń pẹ́ láyé tó láti bímọ púpọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì jogún ìrísí náà. Láti ìran kan sí èkejì, ìyàtọ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìran kọjá, àwọn tó bá kẹ́yìn lè má jọ baba ńlá wọn mọ́ rárá. Kò sí ẹranko tó sùn ní ewúrẹ́ tó jí ní ẹja. Ìran ni ó ń yí padà, kì í ṣe ẹran kọ̀ọ̀kan.

Àbùùbùtán ni èmi ń wá. Inú òkun ni ó ń gbé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja: afẹ́fẹ́ ni ó ń mí, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Nínú ẹran ìdí rẹ̀, egungun ìbàdí kékeré kan wà tí kò gbé ẹsẹ̀ kankan dúró. Bí ọmọ rẹ̀ bá ṣì wà nínú oyún, èèhù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a yọ lára rẹ̀, a sì tún rá kí wọ́n tó bí i. Ẹranko tí kò fi ẹsẹ̀ rìn rí láti ìran baba rẹ̀, kí ni yóò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe? Orí ilẹ̀ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá. Inú àwọn òkè yín, tí òkun bò mọ́lẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù méjìdínláàádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ni egungun àwọn baba ńlá náà wà, ní ìpele ìpele bí ẹní tí a tẹ́ lé ara wọn. Ní ìpele ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn gùn. Bí a ti ń gòkè lọ sí ìpele tó kéré lọ́jọ́ orí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń kúrú sí i, ìrù sì ń lágbára sí i.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1993 ni mo gba ọkùnrin mẹ́fà síṣẹ́ ní abúlé yín. Bàbá rẹ fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní Lala bí àbúrò ti ń pe ẹ̀gbọ́n. Àwọn yòókù mọ òkúta fọ́. Òun mọ òkúta tú. Yóò da ojú bolẹ̀, yóò fi aáṣáà sí ètè, yóò sì máa fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò họ amọ̀ kúrò lára egungun títí oòrùn yóò fi yí. Mo kọ́ ọ ní ohun tí mo mọ̀, kò sì sí èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo kọ́ ọ pé bí omi bá ń sáré, òkúta wẹ́wẹ́ ni ó ń kó sílẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, amọ̀ kíkúnná ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a rí èyí tí mo ti ń wá láti ọdún mọ́kànlá. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ tò tẹ̀ lé ara wọn, ìbàdí wà níbẹ̀, itan wà níbẹ̀, egungun etí rẹ̀ sì nípọn ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ètè ìkarahun, gẹ́gẹ́ bí ti àbùùbùtán. Ẹsẹ̀ ni bàbá rẹ ń tú lọ́wọ́ nígbà tó pariwo:

“Dókítà Sáhìb, ẹ wá wò ó! Bujúl rèé! Bujúl inú òkúta!”

Kókósẹ̀ ewúrẹ́ tí àwọn ọkùnrin yín ń jù ta bí ayò ni ó ń pè bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Lala, ewúrẹ́ ta ló wá sọnù síbí?”

“Ewúrẹ́ kọ́ o. Nǹkan yín tó ń wẹ̀ yìí ló ni ín. Abẹ́ ojúgun rẹ̀ gan-an ló wà.”

Mo ṣàlàyé fún un pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ èmi ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí èmi náà sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ni pé àbùùbùtán ti inú ìran ẹranko kan tó dà bí ìkookò wá, nítorí eyín wọn jọra. Kókósẹ̀ ìkookò kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ ní, “Àní kò rí bẹ́ẹ̀! Dókítà Sáhìb, mo ti fi bujúl gba àgbò mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ọmọ Bannu, ẹ ò lè kọ́ mi ní tibí yìí. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń fi kókósẹ̀ ajá ta bujúl rí? Orí rẹ̀ kan rí roboto, kì í dúró, á kàn máa yí gbirigbiri bí ẹyin. Ṣùgbọ́n ti ewúrẹ́, ti àgùntàn, ti màlúù, orí méjèèjì ló là sínú bíi kẹ̀kẹ́ tí okùn kànga ń gbà kọjá. Ẹ fọwọ́ kàn án.” Ó ti mú ọ̀kan nínú àwọn bujúl rẹ̀ jáde láti inú àpò, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tinú òkúta, ó sì ń dárúkọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, lára èyí àti lára ìyẹn.

N kò fọwọ́ kàn án. Mo sọ pé omi ni ó gbé e wá láti ibòmíràn.

“Omi wo?” ni ó wí. “Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé omi tó ń sáré ló ń kó òkúta wẹ́wẹ́. Inú amọ̀ rèé, ó kúnná bí ìyẹ̀fun. Òkúta wẹ́wẹ́ ọ̀hún dà?”

Wagma, òótọ́ ni ó sọ, ẹ̀kọ́ mi ni ó sì fi sọ ọ́. Àwọn ọkùnrin márùn-ún yòókù ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi. Ojú tì mí, n kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo gbàgbé Lala, mo pe ẹni tó jù mí lọ ní orúkọ, mo sì la ìwọ mọ́ ọn lórí: “Sarbiland, ìwọ lo kàwé ni, àbí èmi?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, “Lala, ó yá, wá ìwo rẹ̀ náà fún wa!” Òmíràn ké mèè. Bàbá rẹ dá bujúl tirẹ̀ padà sínú àpò, ó sì bẹ́rẹ̀ padà sórí iṣẹ́. Èmi fi kókósẹ̀ náà sínú àpò ọ̀tọ̀, mo kọ ọ́ sí i lára pé: “Ẹran tó dà bí ewúrẹ́, omi ni ó gbé e wá.” Ó bi mí pé kí ni mo kọ. Mo kà á fún un.

O kọ̀wé sí mi pé láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ewúrẹ́ Òkun. Pé nínú hújrà, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń mu tíì lálaalẹ́, wọ́n a máa bi í bóyá ẹja rẹ̀ ti jẹ koríko lónìí. O ní òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Pé nígbà tó yá, kò lọ sí hújrà mọ́, ilé ni ó ti ń dá mu tíì tirẹ̀. Èmi kò mọ èyí títí di ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni ẹ̀rín náà ti jáde.

Ìdáhùn mi rèé: bàbá rẹ kò purọ́. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ mìíràn tí wọ́n wú irú egungun bẹ́ẹ̀ níbòmíràn ní ilẹ̀ wa tẹ ìwé jáde. Kókósẹ̀ àwọn àbùùbùtán àtijọ́ náà là sínú ní orí méjèèjì. Àwọn tó ń yẹ àmì ìjogún inú ẹ̀jẹ̀ wò ti sọ ọ́ ṣáájú pé nínú gbogbo ẹran tó wà láyé lónìí, erinmi ni ó sún mọ́ àbùùbùtán jù, inú ìdílé kan náà ni àwọn àti màlúù àti ewúrẹ́ sì wà. Àwa tó ń wa egungun ni a kò gbà. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo ka ìwé náà, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí. Mo mú ojúgun jáde láti inú àpótí kan, mo mú kókósẹ̀ jáde láti inú èkejì, mo sì gbé ọ̀kan lé èkejì. Ó wọlé ṣinṣin. Kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà láàárín wọn. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó yẹ kí n wọ ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ kejì. Dípò bẹ́ẹ̀, mo kọ ìwé tèmi, mo tún ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ ṣe, àwọn ènìyàn sì yìn mí pé olóòótọ́ ni mí. Níbi tí mo ti ń dúpẹ́, mo kọ “òṣìṣẹ́ kan láti agbègbè náà.” N kò kọ orúkọ rẹ̀, nítorí bí mo bá kọ ọ́, ẹnìkan lè béèrè bí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́. Ní ọdún 2004, mo dé ibùdókọ̀ Kohat. Mo bi awakọ̀ léèrè bóyá ọ̀nà abúlé yín dára. Ó ní, “Ọ̀nà dára gan-an, bàbá, ẹ wọlé ká máa lọ.” Mo dúró díẹ̀, mo sì wọ ọkọ̀ tó ń padà sí Rawalpindi. Mo ti ronú ohun tí n óò sọ fún un, àmọ́ n kò mọ bí n óò ṣe wò ó lójú. Mo rò pé àyè ṣì wà.

Ohun tó kù ní ọwọ́ mi láti ṣe, mo ti ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Àkọsílẹ̀ tuntun ti wà lára egungun náà àti nínú ìwé ńlá ilé ìkó-egungun wa. Ó kà báyìí: “Ẹni tó rí i, tó sì mọ ohun tó jẹ́: Sarbiland Khattak, agbẹ́-òkúta, oṣù Kẹta 1993. Ẹni tó kọ ọ́ sódì: Rafaqat Minhas.” Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé mi pé kí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ jáde. Mo mọ̀ pé kò sí èyí tí yóò dé etí rẹ̀.

Má bá àwọn ará abúlé jà nítorí ẹ̀rín wọn. Ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n gbà pé ó mọ̀wé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Bí ẹ bá lè gbà mí láyè, n óò wá sí ibojì rẹ̀ nígbà tí òtútù bá lọ. Bí ìyá rẹ bá sì ní kí n má wá, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́run tu ìyá rẹ nínú. Kí ó fún Jamdad ní àyà tó le ju ti bàbá rẹ lọ, nítorí iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe. Kí ìwọ náà bí ọmọ tí yóò béèrè “dà?” lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, kí olùkọ́ náà sì dúró dá a lóhùn.

Èmi ni,
ẹni tí bàbá rẹ ṣe ẹ̀gbọ́n fún, tí kò ṣe àbúrò fún un,
Rafaqat Minhas.

Mo gbàgbé èyí: Àpótí tó bá lẹ́tà yìí wá ní ẹ̀dà ojúgun àti ẹ̀dà kókósẹ̀ náà nínú, sìmẹ́ńtì funfun ni a fi dà wọ́n. Ẹ má ṣe fi omi fọ̀ wọ́n, aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù wọ́n. Níwọ̀n bí ìwọ, ọmọbìnrin, kò ti lè wọ hújrà, fún Jamdad ní méjèèjì àti lẹ́tà yìí ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn àgbà bá pé. Kí ó má tíì ka nǹkan kan. Kí ó kọ́kọ́ gbé egungun méjèèjì lé ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, kí ẹni náà tò wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e yí ká títí gbogbo ọwọ́ yóò fi kàn án. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá ka lẹ́tà náà sókè, kí ó má sì fo ibi tí mo ti dárúkọ ara mi.