Wọ́n Ní Ká Jí Nuccio

                                        Òpópónà Àwọn Alágbẹ̀dẹ Wúrà,
                                        Nápólì.
                                        9 Oṣù Kẹwàá, 1641.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ersilia,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Messina? Ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ìyá ọkọ rẹ ti lọ sílẹ̀? Lẹ́tà tí o fi bá mi kẹ́dùn dé ọwọ́ mi. Má bínú pé n kò tètè fèsì.

O rántí pé láti oṣù Keje ni Baldassarre ọkọ mi ti ń ya àwòrán Amóre, òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará àtijọ́, ọmọdé tó ní ìyẹ́ apá, fún ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́lá kan. Nuccio ọmọ wa ló ń wò yà á. Ọmọ náà kì í jókòó jẹ́ẹ́, nítorí náà ọ̀sán tó bá sùn ni bàbá rẹ̀ máa ń yà á, pẹ̀lú apá pẹ́pẹ́yẹ méjì tí a so mọ́ ọn lẹ́yìn, tí a tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta adìẹ. Bó bá jí, á ní, "Bàbá, ṣé mo fò?" Bàbá rẹ̀ á ní, "O fò, inú ìṣasùn lo bà sí, ìwọ wọ̀bìà!"

Oṣù Kẹjọ ni ibà mú Nuccio lọ. Àwòrán náà ló kù sí mi lọ́wọ́. Àràárọ̀ ni mo ń jókòó tì í. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi, bí ẹni pé yóò yí ẹ̀gbẹ́ padà láìpẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìríjú ọlọ́lá náà wá wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá ayàwòrán, iṣẹ́ yín dára o, àmọ́ ta ní ń gbé ìfẹ́ tó ń sùn sí yàrá ìyàwó? Ṣé kí ọkọ náà máa hanrun ni? Ẹ jí i fún wa, ẹ jọ̀ọ́!"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Kò mọ̀, a kò sì lè sọ fún un. Baldassarre kàn ní, "Ó dáa, olúwa mi."

Nígbà tó lọ tán, ọkọ mi gbé búrọ́ọ̀ṣì dúró níwájú ipéǹpéjú tí mo fi ọwọ́ ara mi pa dé. Ó yíjú sí mi, ó bi mí pé, "Ìyá Nuccio, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí gan-an? Bí mo bá ti fẹ́ rántí rẹ̀, pípadé ni mo ń rí i."

Ersilia, ṣé kí n tún gbé ojú ọmọ mi fún wọn ni? Mo ní, "Dúdú ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í po ọ̀dà.

Àná ni wọ́n gbé e lọ. Ọmọ inú àwòrán náà la ojú dúdú sílẹ̀, ó ń wò mí, n kò sì mọ̀ ọ́n. Ìwọ mọ̀ pé ojú Nuccio dà bí oyin. Ojú rẹ gan-an ni.

Bá mi kí gbogbo ilé. Bí ìjì òkun bá rọlẹ̀, wá. Má wulẹ̀ kó nǹkan kan bọ̀. Ṣáà jókòó síwájú mi, kí n wo ojú rẹ.

                                        Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń retí rẹ,
                                        Porzia.