Ìkẹ́dùn Lórí Alhaja Àsúmáù Àjíṣafẹ́, Tó Fi Ìrun Àìlà Dá Wa Padà Lórí Yìnyín

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ni àwa Ẹgbẹ́ Ìyá Agunkè ti Peckham ní London fi ń kọ̀wé yìí sí yín, Alhaji Làtíìfù, sí Roqeeb àti sí Àmírà, lórí Alhaja Àsúmáù, ìyàwó yín àti ìyá wọn, tó dákẹ́ lójijì nílé ní Ọjọ́rú tó kọjá. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun la ti wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà la ń padà sí.

Alhaji, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ wọ́n. Ẹni tó tọ́jú arúgbó láti Mọ́ńdè dé Sátidé, tó tún ní òun ń lọ gun òkè oníyìnyín ní Wales ní Sọ́ńdè. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àwa mẹ́ta péré ni wọ́n kó dání, ẹnìkan nínú wa sì wọ sálúbàtà lé ìbọ̀sẹ̀ wá. Wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàtà mìíràn tó wà nínú báàgì tiwọn ni wọ́n yọ fún un. Lónìí a ti di mọ́kàndínlógún, gbogbo wa la sì mọ bí wọ́n ṣe ń so irin eléyín mọ́ ìdí bàtà kí yìnyín má baà gbé wa ṣubú. Àwọn ló kọ́ wa.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe fún wa: Àìlà ni ìpadà. Ibi tí ìrun Àìlà, ìrun ọ̀sán, bá ti bá wa lórí òkè, ibẹ̀ la ó ti kí i, ibẹ̀ la ó ti kọjú sílé. Ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú nígbà òtútù, yìnyín tó bá sì rọ̀ lọ́sàn-án, gíláàsì ló ń dà ní ìrọ̀lẹ́.

Nítorí Àmírà, ẹ jẹ́ ká sọ ti Sọ́ńdè tó kẹ́yìn tí Alhaja bá wa gun òkè. A gbọ́ pé ó ń sunkún pé òun bínú sí mummy òun, òun ò sì bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa títí wọ́n fi lọ. Òótọ́ ni, ó bínú. A ti sún mọ́ téńté òkè débi pé à ń rí òkúta tí wọ́n tò jọ síbẹ̀. Àìlà wọlé. A kírun tán, Àmírà ní, "Mummy, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló kù, please."

Alhaja ní, "Òkè yìí ò ní kó kúrò níbí lọ sí Brockley ní London. Ẹ yí padà."

A ò tíì sọ̀ dé ìdajì tí kùrukùru fi bo gbogbo òkè náà. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni Àmírà lọ jókòó sí, ó dijú, ó di etí, títí dé Peckham.

Ohun tí kò gbọ́ nìyí. Mìsítúrà, akápò wa, jókòó ti Alhaja níwájú, ó ní kí wọ́n lọ pẹ̀tù sí i nínú. Alhaja rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀ kó bínú. Ṣebí inú bọ́ọ̀sì ló ti ń bínú, kì í ṣe abẹ́ yìnyín." Wọ́n sì sùn lọ fọnfọn. Àmírà, mummy ẹ ò bínú sí ẹ rárá.

Ní ti àdúà ọjọ́ kẹjọ, oúnjẹ wà lọ́rùn wa, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má wọ kíṣìnì. Lóṣù kẹta, kí yìnyín tó yọ́, a máa padà sórí òkè náà. Ààyè Àmírà wà. Tí kò bá tíì wù ú lọ́dún yìí, a ò ní fún ẹlòmíì.

Kí Ọlọ́hun forí ji Alhaja, kó fi wọ́n sí Àlùjánnà. Kó rẹ Alhaji lẹ́kún, kó dúró ti Roqeeb, kó sì jẹ́ kí Àmírà rí oorun sùn. Àmín.

Àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Ìyá Agunkè, Peckham