Ẹ̀ka Tí Owó Ìyá Rẹ Há Sí

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí onílé rẹ náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ níbi tí kò ti ní sí ẹni tó máa dì ọ́ mú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lónìí, ìkánjú ni mo fi ń kọ̀wé yìí, awakọ̀ tó ń kó pákó ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ lálẹ́ òní, ó sì ti ń fọn fèrè ọkọ̀ níta. Jọ̀ọ́, fún un lómi mu.

Ìyá rẹ ṣì wà ní ọsibítù. Dókítà ojú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ lòun máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, pé bí owó ò bá tíì dé nígbà yẹn, òun á pe ẹlòmíì wọlé, ó sì máa tó oṣù méjì kó tó tún kàn án, ojú náà ò sì ní lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ṣì ń rí fọ́tò rẹ tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní eyín rẹ ń dán. Láàárọ̀ yìí, ó ní férémù nìkan lòun ń rí. Èmi ni mo kan férémù yẹn, inú mi ò sì dùn sí i rárá.

Mo mọ̀ pé o ti fi owó ránṣẹ́. Èmi ni mo dà á rú, mo jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tí o pè mí pé kí n lọ wo nọ́ńbà ẹ̀ka báńkì mi wá, èyí tí wàá fi fowó ránṣẹ́, inú kọ́kọ́ bí mi. Ogójì ọdún ni mo ti ń fi igi ṣiṣẹ́, igi ni mo mọ̀ tó ń yọ ẹ̀ka, mi ò tíì rí báńkì tó yọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n mo lọ. Mẹ́rìndínlógún ló wà lára ilẹ̀kùn báńkì. O sì ti ní nọ́ńbà mẹ́fà ló gbọ́dọ̀ jẹ́, méjì péré ni mo rí. Mo wá rò ó pé kò sí ilé tí kò ní aládùúgbò, mo bá fi ti onígbàjámọ̀ tó wà lápá òsì kún un, mo tún fi ti ẹni tó ń ta ọ̀dà lápá ọ̀tún kún un: 14, 16, 18. Ó pé mẹ́fà géérégé! Bí mo ṣe kà á fún ọ tán, tí inú mi ń dùn, ni fóònù já bọ́ sínú korobá ọ̀dà. Ìdí nìyẹn tí o ò fi gbọ́ mi mọ́. Ó ti di funfun, kò sọ̀rọ̀ mọ́, inú rẹ̀ náà ni nọ́ńbà tìrẹ wà, tí ǹ bá fi yá fóònù ẹlòmíì pè ọ́.

Ta ló mọ̀ pé ẹ̀ka kan wà níbì kan tó ń jẹ́ nọ́ńbà yẹn gan-an? Ibẹ̀ lowó ìyá rẹ lọ. Obìnrin tó ń jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní báńkì sọ fún mi lánàá pé wọn ò rí orúkọ mi lọ́hùn-ún, pé owó náà ti há. Mo ní ibo ló há sí, ó ní òkè ni, nínú ẹ̀rọ. Mo sáré lọ gbé àkàbà mi. Ọlọ́dẹ báńkì ò jẹ́ kí n wọlé, mo sì lọgun mọ́ ọn títí gbogbo èèyàn fi pé lé wa lórí. Àìmọ̀kan àìmọ̀kàn ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kì í ṣe pé mo ń bínú.

Obìnrin náà jáde, ó fà mí jókòó. Ó ní owó náà á padà sọ́dọ̀ rẹ, ó lè jẹ́ lọ́la, Ọjọ́rú. Bó bá ti wọlé, kí o tún fi í ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fi dé. Mo ní bójò bá ká a mọ́ ojú ọ̀nà ńkọ́, ó ní kì í gun ọkọ̀, kì í sì í fẹsẹ̀ rìn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá kọ nọ́ńbà ẹ̀ka tòótọ́ sórí ìwé pélébé. Mo ti fi ìṣó kàn án mọ́ ẹ̀yìn lẹ́tà yìí kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Rọra yọ ọ́, kó má gún ọ.

Bí o bá ń fi í ránṣẹ́, fi díẹ̀ lé e fún fóònù, àti fún ẹni tó ń ta ọ̀dà, ó ní mo ti ba odindi korobá kan jẹ́.

Ṣùgbọ́n bówó náà ò bá padà lọ́la, jọ̀ọ́, má dúró de ẹ̀rọ. Mú ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, bá awakọ̀ pákó yìí padà wá, alẹ́ ọ̀la ló ń padà bọ̀. Ìyá rẹ ní bí wọn ò bá tiẹ̀ rí i ṣe, ojú rẹ ni kó jẹ́ ohun tí òun máa rí kẹ́yìn, kì í ṣe férémù. Báńkì ní ẹ̀ka káàkiri, bọ́rọ̀ bá há lọ́dọ̀ ọ̀kan, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ òmíì. Èmi àti ìyá rẹ, ẹ̀ka kan ṣoṣo la ní.

Kò ní ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Èmi ni, bàbá rẹ, káfíńtà.