Ẹsẹ̀ Adìẹ Lára Àgbá Wáìnì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá

Mo ti ilé ìwòsàn dé lónìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko nítorí egungun ìbàdí kan. Ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀fìnkìn ní imú, ọgọ́rin ọdún ó lé kan lórí. N kò mọ̀wé, ọmọ àgbẹ̀ ni mí, oko ni mo lọ nígbà tí àwọn mìíràn ń lọ sílé ìwé. Léontine àbúrò mi ló ń bá mi kọ èyí. Ogójì ọdún ló fi pín lẹ́tà ní Arbois, ìlú wa. Mo ti kìlọ̀ fún un: ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bá mi tún un ṣe.

Kí n tó jókòó ni Régis ọmọ mi ti kó ọ̀rọ̀ mẹ́ta lé mi lórí. Ìkíní: Ìyáàfin Chastang, tó ní ilé oúnjẹ méjì ní Lyon, ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, yóò sì yan wáìnì tó máa rà. Ìkejì: òun ti gba ọkùnrin kan láti Bordeaux tí yóò sọ oúnjẹ tó bá wáìnì wa mu fún wa. Fún wa o. Ìkẹta: bí obìnrin náà kò bá mú Àgbà, òun máa hú oko òkè lọ́dún yìí, òun á gbin àjàrà tó ń yá kánkán síbẹ̀.

Bàbá mi ló gbin oko òkè. Ibẹ̀ ni Àgbà ti ń wá. Orúkọ tí mo fún wáìnì aláwọ̀ ìyeyè wa nìyẹn. Ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta ló ń lò nínú àgbá, a kì í sì í bu nǹkan kún un. Afẹ́fẹ́ á mu tirẹ̀, àyè á ṣófo lókè, awọ fẹ́lẹ́ kan á sì bo ojú wáìnì náà bí awọ orí wàrà gbígbóná. Abẹ́ awọ yẹn ló ti ń gbọ́n. Àgbá wáìnì funfun lásán la máa ń bu wáìnì kún dé ẹnu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo béèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá àgbá. Ó ti so mọ́ okùn ṣòkòtò mi báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá àgbá. Régis lọ sí ìlú Lons, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ojú mi rí nǹkan. Wọ́n ti gbé àwọn Àgbà kúrò lókè àjà wá sísàlẹ̀, kí àlejò lè rí wọn. Wọ́n tò wọ́n sọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n fọ gbogbo àgbá, wọ́n sì kun lẹ́tà dúdú gàdàgbà sára wọn. Àwọn àmì tí bàbá mi máa ń fi ṣọ́ọ̀kì yà ti lọ. Ẹsẹ̀ adìẹ fún Àgbà: má fọwọ́ kàn án. Òrùka fún funfun: kún un. Bàbá mi náà kò mọ̀wé, a kò sì ṣì í ṣe rí.

Kò sẹ́ni tó bu nǹkan kún àwọn funfun láti ìgbà tí mo ti lọ. Mo bu wáìnì funfun kún gbogbo ìlà ọwọ́ òsì fúnra mi, pẹ̀lú ọ̀pá, pẹ̀lú ọ̀fìnkìn tí kò jẹ́ kí n gbóòórùn nǹkan kan. Èyí tó wà lópin mu garawa kan ààbọ̀. Òùngbẹ ti fẹ́ pa á. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn bí n kò bá sí nílé.

Mo gòkè padà kí Régis tó dé. Ìbàdí ń jó mi bí iná. Inú mi dùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ará Bordeaux dé. Bàtà funfun ló wọ̀ wọnú yàrá àgbá. Bàtà Funfun ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ kò burú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló burú. Ó ní wáìnì pupa wa tó fúyẹ́ yẹn, ẹja òkun tútù tí a kò sè ni ká gbé sí i. Mo bi í bóyá ó ti rí òkun kankan bó ṣe ń bọ̀. Sọ́séèjì èéfín àti ọ̀dùnkún ni pupa yẹn mọ̀, àdúgbò kan náà ni wọ́n ti dàgbà. Wáìnì funfun ńkọ́? Ó ní ìṣáwùrú òkun. Mo ní ẹja odò wa, bọ́tà, tán.

Ó wá kan Àgbà. Ó ní edé ńlá ni ká fi jẹ ẹ́, ká sì kọ́kọ́ gbé e sínú yìnyín kó tutù nini. Nínú yìnyín. Mo ní kó gbé bàbá tirẹ̀ sínú yìnyín ná, kó wò ó bóyá á lè sọ̀rọ̀. Régis bojú wolẹ̀. Solange ìyàwó rẹ̀ sáré wọ ilé ìdáná, mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ níbẹ̀.

Kó tó lọ, ó fi ìka kan àgbá Àgbà kan, ó dún gbọ̀ọ̀. Ó ní ṣé kì í dùn wá, gbogbo àyè tó ṣófo yìí. Lọ́dọ̀ tiwọn, àgbá tí kò kún, ìtìjú onílé ni.

Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Òjò. Ìbàdí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Solange rọra wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ní kí n sọ bí ìyá mi ṣe ń se adìẹ fún òun. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé, mo sì ní kí Léontine náà kọ ọ́ síbí, torí àpòòwé a máa sọnù.

Àgbébọ̀ tó ti dáwọ́ yíyé dúró, kì í ṣe òròmọdìẹ. Olú ìrúwé tí a ti sá gbẹ. Ọ̀rá wàrà, kó má ṣahun sí i. Ife Àgbà kan sínú ìkòkò, ìyókù sórí tábìlì. Èyí tó wà nínú ìkòkò àti èyí tó wà nínú ife gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá. Ká ṣí ìgò náà láti àná kó lè mí. Kò gbọdọ̀ rí yìnyín. Lẹ́yìn adìẹ, wàràkàṣì Comté ọlọ́dún méjì àti àsálà, pẹ̀lú Àgbà yẹn kan náà. Bí ẹnìkan bá béèrè omi, kó lọ mu ún ní odò.

Ó bi mí nípa wáìnì orí koríko, èyí tí a ń sá èso rẹ̀ lórí koríko gbígbẹ títí Kérésì á fi kọjá. Bàtà Funfun ti yan ẹ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ fún un. Mo ní kò bá oúnjẹ kankan lọ. Abiyamọ la ń fún. Lọ́jọ́ tí Philomène ìyàwó mi bí Régis, ife kékeré kan ni agbẹ̀bí kọ́kọ́ gbé fún un, kó tó gbé ọmọ fún un.

Régis wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbọ́ ọ rí. Ó jáde lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n ti ba Ọmọ Yìnyín jẹ́.

Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Léontine. Má sunkún sí ìwé mi.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, yìnyín jó oko òkè ní oṣù Kẹrin, àgbá Àgbà kan ṣoṣo la rí nínú gbogbo rẹ̀. Òun ni Ọmọ Yìnyín. Nígbà tí a ó bá ṣí i, n óò ti pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé mo ti búra: n kò ní kú kí n tó mu ún. Àárọ̀ yìí ni Régis ṣí i láti fi han Bàtà Funfun. Àgbá kún dé ẹnu. Awọ ti ya, ó ti rì. Ẹnìkan ti da wáìnì funfun sínú rẹ̀.

Mo gbọ́ igbe, mo sọ̀ dé àárín àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọ̀pá mi. Mo na ọ̀pá náà sí Bàtà Funfun. Mo ní ta ló sọ pé ìtìjú ni àgbá tí kò kún? Ó ní òun kọ́, òun kò tilẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Mo ní ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ó wo Régis. Régis kò wò ó.

Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó sọ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ nìyí: “Ẹni yòówù kó fọwọ́ kan àgbá yìí, kò tún ní di kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí mú mọ́ láé.”

Mo ní àmín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Bàtà Funfun ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Kò sí edé ńlá. Kò sí yìnyín. Adìẹ ìyá mi ni Ìyáàfin Chastang máa jẹ. Mo borí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ní kí Léontine ka ìwé yìí fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n lè gbádùn ìṣẹ́gun mi. Ó kà á dé ọjọ́ kẹrin, ó fi ìka tẹ ojú ìwé. Mo ní kí ló dé. Ó tún ìlà kan kà. Èyí tó wà lópin mu garawa kan ààbọ̀.

Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, àgbá funfun wo ló ń mu garawa kan ààbọ̀ láàárín oṣù kan?”

Kò sí. Ìgò méjì ni. Bó bá pọ̀ jù, mẹ́ta.

A sọ̀ kalẹ̀, àwa méjèèjì, ó di apá mi mú. Ìlà ọwọ́ ọ̀tún ti kún, torí náà ni wọ́n ṣe ti Ọmọ Yìnyín sí ìparí ìlà ọwọ́ òsì. Léontine ka lẹ́tà ara rẹ̀ fún mi. Wáìnì ìyeyè. Ẹ má kún un. Lẹ́tà tó tóbi tó orí màlúù, mo sì dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú garawa.

Ó ní bí àwa méjèèjì kò bá sọ ọ́, ta ló máa mọ̀. Ó ní òun lè ya ojú ìwé ọjọ́ kẹrin. Ó ní bí Régis bá gbọ́, ó máa gba kọ́kọ́rọ́, inú tó máa bí i yẹn ló sì máa fi hú oko òkè.

Mo ní kó má ya nǹkan kan. Mo ní kó kọ tòní mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

N kò jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìyáàfin Chastang kéré lára, ọwọ́ rẹ̀ tóbi bíi ti alápatà. Ó fi búrẹ́dì nu àwo. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Sọ́séèjì àti pupa: ó bu ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹja odò àti funfun: ó mi orí pé ó dára. Solange gbé adìẹ wọlé, òórùn olú àti Àgbà gba gbogbo ilé kan. Ọ̀fìnkìn mi ti lọ, mo gbóòórùn rẹ̀ dé ìgbà èwe mi. Obìnrin náà kò gbé orí sókè títí adìẹ fi di egungun.

Nígbà tí wàràkàṣì dé, ó bi Régis nípa àgbá tí ó rí lópin ìlà, tí wọ́n da aṣọ bò. Régis bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọkùnrin Bordeaux kan fún un.

Mo fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Mo ní: “Irọ́ ni. Èmi Anthelme ni mo kún un, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì. N kò mọ̀wé. Ọmọ mi mọ̀ pé n kò mọ̀wé nígbà tó pa àmì bàbá mi rẹ́, tó kun lẹ́tà sára àgbá mi.”

Mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lókùn ṣòkòtò, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ wàràkàṣì. “O ti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn, mo ṣe àmín sí i. Gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ hú oko òkè, èmi ni kí o kọ́kọ́ hú.”

Régis pọ́n títí dé etí. Solange ń fi ọ̀bẹ gé àsálà tí kò ṣeé gé. Ìyáàfin Chastang bá ní ṣé òun lè tọ́ àgbá náà wò.

A bu díẹ̀ wá. Ó mu ún, ó pa ojú dé. Ó ní kì í ṣe funfun, kì í ṣe ìyeyè, ó dà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò tíì mọ ibi tó wà. Mo ní òótọ́ ló sọ.

Ó mú pupa, púpọ̀. Nípa Àgbà, ó ní òun máa ronú.

Régis mú kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ní kí Léontine pe Bàtà Funfun lórí fóònù. Mo sọ fún un pé òun kọ́ ló ṣe é, èmi ni, ojú sì tì mí. Mo sọ fún un pẹ̀lú pé ẹja òkun kò bá pupa wa mu síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá, mo ti gbọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, Régis wá dúró síwájú àga mi. Ó ní kí n dìde. Ó fún mi ní èjìká rẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀. Ó ti fa garawa kan ààbọ̀ jáde nínú Ọmọ Yìnyín kí n tó dé. Awọ lè padà nígbà ìrúwé. Ó sì lè má padà. Mo bi í pé oko òkè ńkọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó ń hú oko tí àgbá rẹ̀ kò tíì pé ọjọ́ orí. Ọdún mẹ́rin ó lé díẹ̀ ló kù.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. N kò béèrè rẹ̀.

Ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì ha lẹ́tà kúrò lára gbogbo àgbá, ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì lápò. Ó ní, “Bàbá, báwo la ṣe ń yà á?”

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni ọmọ mi. N kò kọ́ ọ rí.

Mo sọ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yà á sára Ọmọ Yìnyín. Mo ní ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn, ìka ẹ̀yìn rẹ̀ dà? Ó fi apá aṣọ nù ún, ó tún bẹ̀rẹ̀.