Ìwé Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Tẹ̀ka Sí

Mo fi àìmọ̀wé ẹ̀gbọ́n mi rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi, ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí n kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Kabba níbí. Ojú máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láwùjọ.

Nígbà tí baba wa kú, àwọn àgbà ìdílé gé ilẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi ní àdúgbò tí àwọn akọ̀wé àti tíṣà ń gbé. Wọn kò gé fún èmi, wọ́n ní ilé ọkọ ni obìnrin ń lọ. N kò jiyàn. Òun ló mọ ògiri ilé tí a kọ́ síbẹ̀, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n aṣọ tí mo fi ọdún mẹ́rin hun ni a tà tí a fi ra pánù àti ìṣó àti ilẹ̀kùn... aṣọ tí ǹ bá fi ṣe ìyàwó. Yàrá márùn-ún ni. Ó ní kí n mú èyí tó kọjú sí títì, kí a fi ìyókù háyà. Láti ìgbà náà, òun nìkan ni wọ́n ń kí ní lánlọ́ọ̀dù. Ta ló kí mi rí?

Oṣù tó kọjá, dísípẹ́ńsà kan, apoògùn ọsibítù, dé láti Lọ́kọ́ja, ó ń wá yàrá. Tèmi ni ẹ̀gbọ́n mi fún un. Ó ní, “Ìwọ náà wá ọkọ lọ. Ṣé akọ̀wé ló máa sùn lẹ́yìnkùlé ni, kí ahunṣọ máa wo títì?” Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wá ní kí n bá òun kọ ìwé àdéhùn háyà náà, nítorí èmi ka ìwé mẹ́rin, òun kò ka ẹyọ kan.

Mo kọ ọ́. Mo sì kọ èkejì, pé èmi ni mo kan ilé náà ní pánù, pé yàrá iwájú di tèmi títí ayé. Mo ní ìwé kan náà ni méjèèjì... Ó tẹ̀ka sí i, ó ń ṣàwàdà pé ọwọ́ àgbẹ̀ kì í gba tádàwà. Tíṣà tó háyà yàrá kejì ló ṣe ẹlẹ́rìí. Ó kà á, ó wò mí, ó fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì ó sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, “Irọ́ kọ́ lo kọ, àbúrò. Ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tó gbà.”

Sátidé ni mo gbọ́dọ̀ tú òfì tí mo fi ń hunṣọ kúrò lára ògiri yàrá náà, kí dísípẹ́ńsà lè wọlé. Bí mo bá gbé ìwé náà síwájú àwọn àgbà, wọ́n lè dá yàrá mi padà, ṣùgbọ́n olè ni wọn yóò máa pè mí. Bí mo bá jó o, kí ló tún kù tí mo lè fi hàn?

Lánàá, lẹ́tà kan dé sí ẹ̀gbọ́n mi. Èmi náà ló gbé e wá fún. Ó jókòó, ó ń wo ẹnu mi, mo kà á fún un láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Ó gba lẹ́tà rẹ̀, kò kí mi kú iṣẹ́, ó ní kí Sátidé má kọjá o.

Ṣé kí n mú ìwé tó tẹ̀ka sí náà jáde, àbí kí n jó o? Ẹ dáhùn kíá, mo bẹ̀ yín.